Àpòòwé Ọmọ Aránṣọ

Wọn kì í sùn ní kíláàsì tíṣà ìtàn. Bí ó bá fẹ́ kọ́ wọn bí ìjọba ṣe ń wó, yóò to páálí ṣọ́ọ̀kì léra wọn, yóò fa ti ìsàlẹ̀ yọ, gbogbo rẹ̀ yóò sì ya lulẹ̀. Ó ní ohun tí ojú bá rí, ọpọlọ kì í tètè gbàgbé.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni ìwé àtijọ́ gan-an, tí ẹni tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan wá láti ilé, kí wọ́n má kà á. Òun náà kì í yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀. Iwájú gbogbo wọn ni yóò ti tú u, kí ẹnu lè jọ ya wọ́n.

Ọmọ aránṣọ, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá, mú àpòòwé kan wá tí wọ́n lẹ̀ pa. Ìsàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ̀ aránṣọ ló ti rí i.

"Èyí mà gbó o!" Tíṣà fà á ya, ó gbé ohùn sókè: "Èmi tí mo tẹ̀ka sí ìwé yìí fi ọmọbìnrin mi, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án, sílẹ̀ fún aránṣọ. N kò ní padà wá béèrè rẹ̀ láéláé..."

Ẹnu ti sáré ṣáájú ọgbọ́n. Kó tó mọ ohun tó ń kà, ó ti kà á.

Ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Àṣé aránṣọ ò rán èyí fúnra rẹ̀! Àlòkù ló gbà!"

Ẹ̀rín bú. Kí aago tó lù, Àlòkù ti di orúkọ.

Ọmọ náà kò sunkún. "Ẹ parí ẹ̀, sà."

"Ọmọ mi, jókòó."

"Ẹ parí ẹ̀."

Kò sí ohun tó kù níbẹ̀ ju àmì àtàǹpàkò lọ.

Lọ́sàn-án, bí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí aránṣọ, ó sáré dé, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Tíṣà, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Èmi ni mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Ẹ ò tiẹ̀ lè kọ́kọ́ fojú kàn án?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé..."

"Ẹ rò!"

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó ti jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ọmọ náà kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń kí oníbàárà.

"Ẹ káàsán, mà."

"Èmi lò ń pè ní mà?"

Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì padà sí kíláàsì. Aránṣọ ṣì nawọ́ síbẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.