Wáyà Ló Gbé Òpó Ró

Òpó tẹlifóònù kan wà níwájú ilé tí mo ti ń ta iṣu ní Sekona, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó wọlé ọkọ. Igi ni, kì í ṣe kọnkéré. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé tí tẹlifóònù oníwáyà kú, kò sẹ́ni tó wá gbé òkú rẹ̀. Baba onílé wa bá sọ ọ́ di ogún. Wọ́n na páànù ilé wọn síwájú, wọ́n gbé etí rẹ̀ lé òpó náà, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹsẹ̀ òpó kí ó lè dán. Abẹ́ páànù yìí ni Baba ń jókòó sí láti àárọ̀, ibẹ̀ náà ni mò ń to iṣu sí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òṣìṣẹ́ méjì ti Ẹdẹ wá láti kó wáyà àtijọ́ kúrò. Ọ̀kan kọjá lọ gun òpó kejì, lápá ọ̀nà Alajue. Èkejì dúró lọ́dọ̀ wa, ó fi òòlù gbá òpó wa, ó tẹ́tí. Mo bi í pé ta ló ń kanlẹ̀kùn fún nínú ibẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi sukudiráfà gún ibi tí igi ti wọnú sìmẹ́ńtì, irin náà sì wọlé wọ̀ọ̀, bí ọ̀bẹ tó bọ́ sínú iṣu jíjẹrà.

Ó ní epo dúdú ni wọ́n ti fún igi náà mu kí wọ́n tó rì í, kí ikán má baà jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń rùn tí oòrùn bá mú. Ó ní òkè tí òjò ń pa kì í tètè jẹrà, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá náà kì í tètè jẹrà, atẹ́gùn kì í débẹ̀. Ojú ilẹ̀ gan-an ni ikú ẹ̀ wà, níbi tí omi, atẹ́gùn àti yẹ̀pẹ̀ ti pàdé. Sìmẹ́ńtì Baba sì ti gba omi dúró síbẹ̀ bí ìkòkò. Èmi tí mo rò pé iṣu nìkan ló máa ń bàjẹ́ lọ́rùn!

Ó ní, "Mọ́mì, òpó yìí ò gbé wáyà mọ́ o. Wáyà ló gbé òpó ró. Bí ẹnìkejì mi bá fi gé e lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ ló ń bọ̀ nílẹ̀."

Ó pe ẹnìkejì rẹ̀. Kò lọ, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fẹ́ gé, tẹlifóònù ní òun ò jẹ́ṣẹ́. Ó bá sáré lọ, ó ní kí n mú Baba kúrò lábẹ́ páànù.

Baba tí òjò kì í lé wọlé. Mo bẹ̀ wọ́n pé òpó fẹ́ wó. Wọ́n ní ojú àwọn ni wọ́n ṣe rì í, wọ́n ní kí n máa ta iṣu mi. Mo fà wọ́n lápá, wọ́n di àga mú. Mo wòkè: wáyà ti ń gbọ̀n. Ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún. Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu mi.

Mo bọ́ sójú títì, mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. Mo ní n ò ní dìde àfi bí Baba bá wá fọwọ́ ara wọn gbé mi. Ọlọ́kadà méjì tẹ bíréèkì. Àwọn èèyàn ń bi Baba pé kí ni ìyá oníṣu ṣe tó burú tó báyìí. Nílẹ̀ wa, àgbà tí obìnrin bá kúnlẹ̀ fún tí kò ní kó dìde, ó ti rí ohun tí wọ́n máa fi bú u títí. Ojú ti Baba. Wọ́n ń kùn, wọ́n wá ọ̀pá, wọ́n wá bàtà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ò sí. Mo ní ẹ máa bọ̀ láìwọ bàtà, orúnkún mi ti ń jóná. Wọ́n wá. Wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Ó tó. Dìde nílẹ̀, oníwàhálà."

Wáyà ké fíà lókè. Òpó náà ò pariwo bí igi oko tó ń wó. Ó kàn kán lẹ́sẹ̀, ó yí, ó sì wọ́ páànù lé àga Baba mọ́lẹ̀. Eruku bo gbogbo iṣu mi.

Ọwọ́ Baba ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ náà fi sáré padà dé, tó káwọ́ lérí, Baba ti ń bá àwọn ọlọ́kadà jà pé wọ́n fẹ́ pa ìyá oníṣu àwọn lójú títì.

Títí dòní, bí Baba bá ń ròyìn ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n sáré jáde láìwọ bàtà wá gbà mí lẹ́nu ọ̀kadà. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, Baba, ẹ ṣeun.