Kọ̀ǹpútà Olóògbé

Ọwọ́ òkú ni mo ti gba iṣẹ́ olùkọ́. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé ní Dubai, tí àwọn kéréènì dúró gbagidi sórí ilé tí wọn ò kọ́ parí, báńkì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ da èmi àti ọ̀pọ̀ nínú wa nù bí omi ìṣanwọ́. Mo kó ẹrù mi kúrò nínú ilé tí mo ń dá gbé, mo sọdá sí Sharjah, mo gba bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá kan ní Al Majaz. Bedspace, bí wọ́n ṣe ń pè é. Àwa obìnrin mẹ́rin la jọ wà níbẹ̀, pátákó fẹ́lẹ́ ló là wá láàárín. Bí ẹnì kan bá sín, ẹni mẹ́ta ní í kí i.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìwó, ló ni bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi. Kò lọ́kọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá ọ̀rọ̀ ọkọ sílẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London àti Amẹ́ríkà ní èdè òbí wọn lórí ìpè fídíò. Ètò tó máa ń ṣe sí i, bí ẹni fẹ́ gbàlejò ọba ni. Á ta aṣọ búlúù sẹ́yìn ara rẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà rí ìkòkò wa. Á gbé kọ̀ǹpútà lé orí páálí mílíìkì kí kámẹ́rà má baà máa wo ihò imú rẹ̀. Á wá kọjú sí fèrèsé, nítorí ó ní ọmọdé kì í gbọ́ràn sí olùkọ́ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ní ìlú yẹn, ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ lọ geere, ṣùgbọ́n atúnkọ̀ǹpútà kan ní Al Qusais ti bá a tún tirẹ̀ tò, tó fi jẹ́ pé bí ó bá ti tan ẹ̀rọ náà, ètò ìpè á ṣí fúnra rẹ̀, àwòrán rẹ̀ á yọ, àmì aláwọ̀ ewé á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló ń sọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n pé ó wà ní ìjókòó.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ní orí ń fọ́ òun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú sí ọsibítù. Mùsùlùmí ni, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọkùnrin Nàìjíríà ló lọ sí itẹ́ òkú, àwa obìnrin jókòó sílé, à ń wo bàtà rẹ̀ tó kù lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rí ojú oórì nínú wa títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní Ìbàdàn, ló pè mí lẹ́yìn náà. Ó dúpẹ́, ó sunkún, ó ní òun gbọ́ pé mi ò níṣẹ́. Ó ní kí n gba kọ̀ǹpútà náà, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ yẹn lọ, nítorí àbúrò òun ò ní fẹ́ kí wọ́n fọ́n ká. Èmi tí mo ń ka owó olówó tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní “ẹ kú iṣẹ́” àti “ẹ kú ilé”. Mo ta aṣọ búlúù, mo gbé e lé páálí, mo kọjú sí fèrèsé.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, mi ò tíì ṣe nǹkan kan tí ìpè fi wọlé. Àwòrán ìyá àgbàlagbà kan tó wé gèlè funfun ló bo ojú ẹ̀rọ, ó ń dún, ó ń dún. Orúkọ abẹ́ àwòrán náà fi hàn pé ìyá olóògbé ni. Mo sáré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Àbúrò, abeg, má gbé e o,” ló wí. “Màmá ò tíì gbọ́. BP wọn ga. A máa kó àwọn àgbà jọ lọ bá wọn.”

“Ẹ jẹ́ kí n pa àmì yẹn nígbà náà, sà, kí wọ́n má máa rí i.”

“Ha, rárá! Bí wọn ò bá rí i, àyà wọn á já. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. It's just for a few days.”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Nílé wa, a kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Àwọn àgbà á wọlé bí ẹni tó yà kí i lásán, wọ́n á bèèrè àlàáfíà ara, wọ́n á sọ̀rọ̀ yí ká, títí ìyá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹni tó kéré bíi tèmi ò gbọdọ̀ lanu, pàápàá lórí fóònù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ọ̀hún kò tán mọ́. Wọ́n ní, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àgbà ti Kánò dé. Ẹ jẹ́ kí ààwẹ̀ parí. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wo Màmá. Ẹbí tó ń dúró de ara wọn ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí Màmá máa rántí pé ẹnu òun ni ìròyìn náà ti jáde.

Ojoojúmọ́ ni mo ń tan ẹ̀rọ, ojoojúmọ́ ni ìyá yìí ń pè. Mo lè wà láàárín ẹ̀kọ́, kí ojú ọmọ tí mo ń kọ́ ṣàdédé sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí gèlè funfun yọ. Màá pa ohùn rẹ̀, màá sì máa kàwé lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan. Bí mo bá kọ̀wé sí àwọn ọmọ, abẹ́ àwòrán olóògbé ló ń hàn, bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ọmọbìnrin kan ní London bi mí pé, “Àǹtí, ṣé àǹtí tó wà nínú picture yẹn náà ń gbọ́ wa?” Mo ní rárá. Mo wẹ̀yìn kí n tó mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ní òun ò lè sùn mọ́ bí a ò bá bo ẹ̀rọ náà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kọ̀ǹpútà kì í jẹni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù òkú o, ẹ̀rù ìyá yẹn ni.

Láìpẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ará ilé pé ọmọ òun ń rí ìpè òun, kò kàn fẹ́ gbé e ni. Ó ní ọmọ náà ń bínú. Wọ́n ti jà lórí ọ̀rọ̀ ọkọ kó tó di pé ó kú, Màmá sì ti sọ̀rọ̀ kan tó le sí i. Ìdí nìyẹn, ló wí. Kí ni ìbá tún jẹ́? Àmì ń tàn, ọmọ wà níbẹ̀, kò dáhùn.

Arákùnrin ọmọ Ìwó kan tó ń ṣe sikiọ́rítì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, pè mí pé òun ní ẹrù kan lọ́wọ́ tí Alhaja, ìyá olóògbé, fi rán òun sí ọmọ wọn. Mo lọ bá a níwájú ibùdókọ̀ metro ní Al Qusais. Èlùbọ́ ni, irú, àti àádùn tí wọ́n fi ewé pọ́n. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

“Àǹtí wa dà? Alhaja ní dandan, kí n dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórúkọ òun, kí wọ́n fojú fò ó.”

Mo ní wọ́n wà níbi iṣẹ́.

“Khalas, kò burú. Ẹ bá mi kúnlẹ̀ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyá ń ránṣẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀! Mo gbé ẹrù náà wọ bọ́ọ̀sì, mo sunkún dé Sharjah, obìnrin Índíà tó jókòó tì mí ń fún mi ní bébà ìnujú. A gbé àádùn náà sáàárín yàrá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí i ká, kò sẹ́ni tó lè tọ́ ọ wò.

Mo pe ẹ̀gbọ́n olóògbé. Mo bínú débi pé mo gbàgbé sà. “Àwọn àgbà ló ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹ wá sọ ọmọ Màmá nù mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá lọ bá wọn, màá gbé ìpè yẹn.”

Wọ́n lọ. Àwọn àgbà, àfáà, ẹ̀gbọ́n ti Kánò, gbogbo wọn pé. Wọ́n wọlé bí ó ti yẹ, wọ́n sọ̀rọ̀ yí ká bí ó ti yẹ, wọ́n wá sọ ọ́. Màmá tẹ́tí gbọ́ wọn tán, wọ́n ní ṣe ni ó rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ gbé kọ̀ǹpútà kékeré tí ọmọ rẹ̀ rà fún un, ó ṣí i síwájú wọn. Ọ̀sán ni, mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Al Majaz. Àmì àwọ̀ ewé ń tàn gbòò.

“Ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn?” ni Màmá bi wọ́n. “Ṣé òun ló ní kí ẹ wá pa irú irọ́ yìí fún mi?”

Kò sí òkú láti fi hàn án, kò sí oórì. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹlòmíràn ló ń lò ó, ó ní kí wọ́n yéé tan òun jẹ. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n olóògbé tún pè mí.

“Àbúrò, wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ wọn. Àwa náà wà lẹ́yìn wọn. Jáde kúrò níbẹ̀.”

“Bọ̀dá, mi ò mọ password wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bí mo bá jáde, a ò lè wọlé mọ́ láéláé.”

“Mo mọ̀.”

Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì máa lọ. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, Màmá ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìwọ ni wọ́n ní ò ń lo ẹ̀rọ ọmọ mi?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé o rí i lọ́jọ́ náà?”

“Mo rí wọn, mà. Èmi ni mo wọ bàtà fún wọn nígbà tí a ń lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní bí orí fífọ́ yẹn bá ti lọ, Màmá àwọn làwọn máa kọ́kọ́ pè.”

Mo ń gbọ́ èémí Màmá.

“Kò bínú?”

“Wọn ò bínú sí yín rárá, mà.”

“Ó dáa. Pa á, kí n máa wò ó.”

Mo pa á. Àwòrán rẹ̀ kúrò lójú ẹ̀rọ tèmi, àpótí òfìfo méjì ló kù, wọ́n ń bèèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ mi. Ní Ìwó, àmì náà ti kú lójú ẹ̀rọ Màmá. Mo wá gbọ́ tí Màmá pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń jí ọmọdé láàárọ̀. Ó tún pè é. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni igbe já, tí gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mi ò gé fóònù náà. Mo dì í mú mọ́ etí, mo ń bá wọn sunkún, títí káàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi tán.