Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Mi Ò Lè Fi Yangàn

Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ lọ bèèrè mi ní ọjà Petit Marché ní Niamey lónìí: kò sí aláṣọ tí kò mọ ìsọ̀ mi. Aṣọ tí wọ́n bá kó fún àwọn yòókù ni wọ́n ń tà. Èmi ń ya bátànì tèmi fúnra mi, bíírò àti ìwé lásán. Ọmọbìnrin mi á yà á ní fọ́tò, a ó fi í ránṣẹ́ nínú ímeèlì sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ fún mi ní Kútọnu.

Nígbà tí Iléyá kan ku oṣù mélòó kan, mo ya ẹja odò tó ń lúwẹ̀ẹ́ yí igbá ká. Mi ò tíì rí bátànì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti rí bátànì. Bí aláṣọ mìíràn bá rí i, á tẹ̀ ẹ́ kí tèmi tó dé, èmi tí mo yà á ni wọn yóò máa pè ní aláfarawé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹnì kan wọ ímeèlì aládùúgbò mi kan lọ́jà, tó ń kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ bíi pé òun ni. Mo délé ní Yantala, mo fi aládùúgbò náà ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ.

"Kóòdù tó fi ń ṣí i ni kò le," mo ní. "Tèmi, àwọn tó ṣe ímeèlì pàápàá ò lè mọ̀ ọ́n."

Ọmọbìnrin mi, tó wà ní yunifásítì, gbójú sókè. "Bàbá, ṣé kí n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan?"

"Gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá."

Ó tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, ó yí i sí mi. Ímeèlì mi ti ṣí, ẹja mi ló ń wò mí yẹn.

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Màmá ni. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló ń pè ní Màmá. Tí mo bá kírun àárọ̀ tán, mo máa ń lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á sì fi oríkì mi kì mí, orí mi á wú. Oríkì náà ni mo fi ṣe kóòdù. Kí ni ǹ bá tún fi ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín lórí ẹní. "Àṣé kọ́kọ́rọ́ ẹ ni mo ń kéde fún gbogbo àdúgbò."

"Èdè Zarma ni àdúgbò ń sọ, wọn ò gbọ́ ọ."

"Àwọn aláṣọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń yà kí mi kí wọ́n tó lọ sọ́jà ńkọ́? Zarma ni àwọn náà?"

Mo na fóònù mi sí ọmọ mi. Ìyẹn kì í rọrùn fún mi.

Ọmọ mi tún wò ó, ó ní ímeèlì mi ṣì wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò Talladjé, níbi tí mo ti lọ tẹ ìwé kan jáde tí mi ò tì í. Ó tì í láti ibi tó jókòó sí. Ó ní kí n wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan fi ṣe kóòdù tuntun, tí ẹnikẹ́ni kì í pè mí, tí mi ò lò níbòmíràn. Mi ò mọ ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí aṣọ kọ̀ọ̀kan wà nínú ìsọ̀ mi ní dídi ojú. Mo ronú kan àwọn nǹkan tí mo rí lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń bọ̀ ní Niamey nígbà àkọ́kọ́, mo mú mẹ́rin. Ọmọ mi kọ ẹ̀yìn sí mi nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Ó tún ṣe é kí ímeèlì máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù mi bí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ bá fẹ́ ṣí i, ó ní kí n má kà á fún ẹnikẹ́ni láé.

Aṣọ ẹlẹ́ja dé ṣáájú Iléyá. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà. Àwọn aláṣọ pé lé mi lórí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn ní, "Alhaji, báwo lẹ ṣe rí i fi pamọ́?"

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni," mo ní. "Ẹ ò lè rí irú ẹ̀. Èkíní ni..."

Ọmọ mi, tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, dáwọ́ dúró. Mo wúkọ́.

"Èkíní ni pé kí o lọ bi ọmọ tìẹ léèrè."

Ó ń dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà dára gan-an. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń kì mí láràárọ̀, wọ́n tilẹ̀ ti gbé ohùn sókè sí i, kò sì sí ohun tí oríkì mi ń ṣí mọ́ bí kò ṣe inú mi.