Rẹ́kọ́dà Tó Gbé Ohùn Ọmọ Mi Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀rọ ni ọkọ mi fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ sísọ ni èmi fẹ́ràn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wọlé, inú àwa méjèèjì dùn bí ẹni pé ilé la kọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, ní Port Harcourt, níbi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Rẹ́kọ́dà ni wọ́n ń pè é. Ó dà bí àpótí kékeré, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ roboto méjì, àti téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti ara ọ̀kan lọ sára èkejì. Bátìrì ló ń jẹ. Háà, mo fò sókè!

Nínú ilé tí a yá gbé nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń dá nǹkan rà. Bí o bá ra giramafóònù tàbí rédíò, gbogbo ilé ló rà á. Wọ́n á wò ó, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á sì dá ẹjọ́ rẹ̀ níṣojú rẹ láìtijú. Télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbò ni adájọ́ àgbà, torí pé òun ló kọ́kọ́ ní giramafóònù níbẹ̀. Òun ló sọ pé ohùn rédíò wa dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, mo sì bínú sí i lọ́jọ́ náà débi pé mi ò kí i títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó fara balẹ̀ yẹ rẹ́kọ́dà náà wò. “E no get music inside,” ló wí. “Una go buy empty pot.”

Mo ní, “Oga, no be empty pot person dey take cook soup?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Onílé wa, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ìlú Okrika, tó ń ta ẹja gbígbẹ, ló dá ẹjọ́ tó wù mí jù. Ó ní, “Radio dey talk, e no dey hear person. This one get ear.” Ó kúkú rí i! Etí tí ẹ̀rọ náà ní yẹn la torí ẹ̀ rà á.

Bàbá ọkọ mi ló ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ará ilé kan ló ti kọ́kọ́ wá kí wa, ọmọ wa obìnrin dúró gbagidi níwájú rẹ̀, ó ní, “Welcome sah!” Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, Port Harcourt la bí i sí, Pidgin ló ń bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ látàárọ̀ dalẹ́. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí mo bá fi Yorùbá bi í, Pidgin ló máa fi dá mi lóhùn. Àlejò náà dé ilé, ó rò fún Baba. Baba ní bí iléèwé bá ti padé, kí a mú ọmọ òun wá sílé, ọ̀dọ̀ òun ni yóò máa gbé títí yóò fi mọ ọmọ ẹni tí òun ń ṣe.

Baba ò ṣe ìkà o. Ta ni kì í gbé ọmọ fún òbí tọ́? Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nígbà náà nìyẹn. Ọkọ mi ò sì lè wojú bàbá rẹ̀ kó ní rárá. Ó ní ohùn ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò bá wa bẹ Baba. Bí Baba bá gbọ́ ọ tó ń kíni ní Yorùbá tó já gaara, bóyá yóò fi í sílẹ̀ fún wa.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Bí mo bá ń dirun fún un, à ń kíni. Bí a bá ń rokà, à ń kíni. Ẹ kú ilé, Baba. Ṣé àlàáfíà ni? Ìyá àgbà ńkọ́? Ará ilé ńkọ́? Mo kọ́ ọ ní ìdáhùn pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gba ohùn rẹ̀, télọ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Onílé ki ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di í lẹ́nu mú. Ọmọ kúnlẹ̀ níwájú àpótí, ó ka gbogbo ìkíni náà lẹ́ẹ̀kan náà, kò mí. A pàtẹ́wọ́! Àṣé ọkọ mi ò tíì pa ẹ̀rọ. Ọmọ bá kọjú sí mi, ó ní, “Mama, why Grandpa no dey answer me? I don greet am finish.”

Ó wọlé ṣinṣin, Pidgin pọ́nńbélé, sórí téèpù. Mo ní, “Ó parí! Àṣírí tú!” Ọkọ mi ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, kò mọ bí a ti ń pa ìyẹn nìkan rẹ́. Ẹni tí yóò bá wa gbé e lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó ń lọ lo ìsinmi rẹ̀ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, lọ́rì ò sì ní dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rẹ́ náà gbé e padà dé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Gbogbo ilé pé sí pálọ̀ wa. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohùn Baba jáde, ó ki ọkọ mi ní oríkì. Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àpótí, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tí mo lọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Télọ̀ ní, “Ah-ah! Na box you dey greet?”

Èmi náà ti kúnlẹ̀. Ta ló máa dúró?

Baba ní, “Mo gbọ́ ìkíni ọmọ. Ẹ kọ́ ọ sórí ni. Ẹni tó ń kíni a máa dúró gba ìdáhùn, tirẹ̀ ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé. Ṣùgbọ́n ó sọ nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn tí mi ò gbọ́. Mo ní kí ẹni tó gbé e wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ọmọ ń bèèrè ìdí tí mi ò fi dá òun lóhùn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. “Ọmọ tó mọ̀ pé ìkíni ní ìdáhùn, ọmọ wa ni. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́ ní ìdáhùn. Ẹ pè é wá.”

Mo figbe ta! Télọ̀ ní, “Wetin e talk?” Mo ní, “E say make she stay! My pikin go stay!” Onílé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí ìlù. Ọkọ mi ní ká dákẹ́, Baba ò tíì parí.

“Ọmọ mi,” ni ohùn náà pè. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan, àfi kẹ̀kẹ́ tó ń yí. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Àṣé àyè ni Baba fi sílẹ̀ fún un.

Ọmọ mi kúnlẹ̀. “Sà.”

“Ṣé dáadáa lo wà?”

“Dáadáa ni, sà.”

“Ṣé ò ń jẹun?”

“Mò ń jẹun, sà.”

Bí ẹni pé Baba jókòó tì wá.

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Ó wà, sà” ni mo kọ́ ọ pé kó wí. Ó la ẹnu, ó kọ́kọ́ yíjú wò mí, ó wo ojú mi dáadáa, ó sì tún kọjú sí àpótí náà.

“Ó ń sunkún, Baba.”