Apá Àga Tí Ọláníkẹ́ Ń Wá

Ọláníkẹ́, tó ń tún àga àtijọ́ ṣe ní Ṣàngó, wá apá ọ̀tún àga òyìnbó kan títí, kò rí i. Igi rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, káfíńtà kankan kò lè gbẹ́ irú rẹ̀. Màmá Tẹjúmọ́lá tó ni àga náà sì ti ní bí kò bá pé, òun á fi í dáná.

Àfi bí Ọláníkẹ́ ṣe rí ìkejì àga náà ní ṣọ́ọ̀bù Kàdírì onígbàjámọ̀, ní Àtàn-Ọ̀tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi gbé e ró, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ méjèèjì pé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi."

Kàdírì rẹ́rìn-ín. "Kí àwọn oníbàárà mi wá jókòó lé mi lórí? Òun ni wọ́n ń jà dù lójoojúmọ́."

"Bí mo bá fi bẹ́ǹṣì ẹlẹ́ni mẹ́ta pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni mẹ́ta kẹ̀? Ìjà parí nìyẹn!"

Bẹ́ǹṣì lọ, àga bọ̀. Ọláníkẹ́ yọ apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì wọ ihò àga Màmá Tẹjúmọ́lá ṣinṣin. Nígbà tí Màmá Tẹjúmọ́lá dé, ó jókòó sínú àga rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa apá náà jẹ́jẹ́.

"Kí n gbé e sọ́kọ̀, Mà?"

"Ọmọ mi, má kánjú. Jẹ́ kí n jókòó ná."