Ilẹ̀ Opó Náà Ti Ṣá

Ìsìnrúùlú ló gbé mi dé Port Harcourt ní 1999. Mo ní ọdún kan péré ni. Ọdún kan dà? Mo ṣì wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ ilẹ̀ oko wò ló gbà mí síṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí wọ́n gbé mi padà sápá Èkìtì, ọ̀gá mi á ní, "Ta ló máa ṣe iṣẹ́ ẹ?" Òjò ìlú yìí kì í dá bọ̀rọ̀, yàrá mi a sì máa rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Mo há síbẹ̀ ni.

A ó bu erùpẹ̀ káàkiri oko, a ó pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oúnjẹ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ fún ohun ọ̀gbìn. Ìyẹn ò le. Òfin ọ́fíìsì wa ló le: ojú gbogbo ará abúlé la ti gbọ́dọ̀ sọ èsì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a gba rìbá.

Opó kan wà ní abúlé kan lọ́nà Òkírìkà. Ẹ̀gẹ́ tó ń hú kò ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà tí mo yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti ṣá pátápátá. Ajílẹ̀ nìkan ò lè gbà á là, òjò á kàn fọ̀ ọ́ lọ. Àfi kó sinmi fún ọdún mélòó kan.

Mo yọ́ lọ sọ fún un ṣáájú ìpàdé abúlé tí a ó ti sọ èsì. Ìyá yìí gbá mi lọ́wọ́ mú. "My pikin, abeg, no talk am o!" Ó ní nínú ẹbí ọkọ òun, bí opó bá ṣì ń gbin nǹkan sórí ilẹ̀, tirẹ̀ ni. Ọjọ́ tí koríko bá ti gba ibẹ̀, ó di ti àbúrò ọkọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ilẹ̀ náà sinmi rí láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ẹ gbà mí! Tí mo bá sọ òótọ́, oko lọ. Tí mo bá purọ́, ebi ló ń gbìn. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí n sọ fún un níkọ̀kọ̀. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní opó fún ẹ lówó ni?"

Lọ́jọ́ ìpàdé, àbúrò ọkọ fúnra rẹ̀ ló bi mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Madam, the land good abi e no good?" Mo ní ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sinmi, mo sì sáré fi kún un pé ìyá yìí ló ṣì ni ín. Ta ló ń gbọ́? Àbúrò ọkọ ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Olè ọ̀sán gangan! Inú bí mi gan-an. Kí koríko tó hù níbẹ̀, ó ti da sìmẹ́ǹtì sí i, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Láìpẹ́ yìí ni mo rí ìyá náà ní Rumuokwuta nígboro, ó ń sun bọ̀lì tà. Ó ṣa èyí tó dáa jù fún mi, ó fi ẹja lé e. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó wá rọra bi mí, kò tiẹ̀ bínú:

"Madam, that ground don rest?"