Itan Àgbò Nínú Fíríìjì Abẹ́rẹ́

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo ru búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ yàrá àkọ́kọ́ ilé ìwòsàn wa lẹ́bàá Àgọ́-Àmọ̀dú, nígbà tí aboyún ń bímọ lórí ẹní, tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sì ń fi gèlè rẹ̀ lé eṣinṣin. Lónìí, yàrá mẹ́jọ ni. Bẹ́ẹ̀dì wà, omi ẹ̀rọ wà, fíríìjì tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ wà. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹlòmíì ló ń tọ́jú fíríìjì yẹn, irọ́ ni.

Pírámárì mẹ́ta ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀mọ̀wé tó lè ka ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára jù mí lọ wá! Àmì róbótó kan wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, ojú funfun kékeré onígun mẹ́rin sì wà láàárín rẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń mú ìgò náà ni funfun yẹn ń dúdú. Tó bá ti dúdú tó róbótó tó yí i ká, oògùn ti kú nìyẹn, ẹ dà á nù. Mátírọ̀n wa ló kọ́ mi, àárọ̀ ọjọ́ kan péré ni mo fi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọ̀kadà gbé kúlà oníyìnyín lọ sí abúlé àti gáà àwọn Fúlàní. Iṣẹ́ wa ni pé ká lọ bá ọmọdé nílé, kí àìsàn tó gbé e wá bá wa.

Iléyá kan báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a kò ti rí iná ìjọba. Àwọn tó ń gbẹ̀bí nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ fíríìjì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá ìyàwó mi bá gbé abọ́ ẹran dé, odindi itan àgbò kan àti ìhà méjì. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá Mùíbà, ẹ bá mi fi eléyìí sínú fíríìjì yín."

"Màmá, ti ìjọba ni o. Oògùn àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀."

"Ìjọba kì í ṣọdún ni? Láti ọjọ́ tí mo ti fún yín lọ́mọ, kí ni mo bẹ̀ yín rí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ bá sọ? Mo gbé e wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta, tí mo fẹ́ kó abẹ́rẹ́ sínú kúlà, mo rí i pé egungun itan náà ti ti ìdérí fíríìjì sókè. Kò pa dé látìgbà náà! Tẹmómítà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá mẹ́jọ ti lé ní ogún. Èéyi ti wọ gáà tí à ń lọ lọ́jọ́ náà, ọmọ méjì ti wà nílẹ̀, ara wọn sú, ojú wọn pọ́n. Bí a bá fún àwọn yòókù ní abẹ́rẹ́ tó ti kú, a ò ní mọ̀ títí àwọn náà yóò fi dùbúlẹ̀. Mo lè pa ìdérí dé kí n sì dákẹ́. Èmi kọ́! Mo pe Mátírọ̀n.

Wọ́n dé, wọ́n wo inú fíríìjì, wọ́n wò mí.

"Kí lèyí?"

"Ẹran Iléyá ni, mà. Ti ìyá ìyàwó mi ni."

"Àgbò náà wá gba àjẹsára ni?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbàgbé awò ojú wọn sílé. "Bàbá Mùíbà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ́nnu, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kà á."

Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì lẹ́bàá fèrèsé. Oògùn rọpárọsẹ̀ tí à ń kán sí ọmọ lẹ́nu ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ooru tètè ń pa. Dúdú. Òmíì, dúdú. Gbogbo rẹ̀ ló ti dúdú. Mo wá kan ti èéyi. Funfun. Mo gbé òmíì sókè, funfun. Mo kà á dé ìgò ìkẹyìn, funfun báláú!

"Ẹ búra."

"Wàláì, mà."

Síbẹ̀, wọ́n fi fóònù ya ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ àwòrán náà títí ojú wọn fi tó o. Ohun tí mo rí ni wọ́n rí. Mo kó ìgò èéyi sínú kúlà, mo gun ọ̀kadà. Gbogbo ọmọ gáà yẹn ló gba abẹ́rẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn méjì tó wà nílẹ̀ dìde, èéyi kò sì mú ẹlòmíì mọ́.

Àgádágodo méjì ló wà lára fíríìjì báyìí, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ti èkejì lọ́wọ́ Mátírọ̀n. Màmá ti gbọ́.

Ohun tó ṣòfò: ìgò oògùn rọpárọsẹ̀ méje, itan àgbò kan, ìhà méjì. Ọmọ, kò sí.